Èdè Òyìnbó Kì í Ṣe Ẹyọ Kan: Ìwé sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Múra Àtilọ sí Jámánì àti Ítálì

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti sọ pé òun ń lọ sí ìlú òyìnbó, yálà ó fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ní Frankfurt ni, tàbí ó fẹ́ fojú kan Róòmù kí ọjọ́ tó lọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó wá sìn ín sọ́nà yóò kọ́kọ́ sọ ni pé kí ó má dààmú ara rẹ̀ lórí èdè, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ń sọ, àti pé ẹni tí ó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọnù níbi kankan lábẹ́ ọ̀run. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ìjọ tí irun orí rẹ̀ ti funfun. Èmi fúnra mi sì ti sọ ọ́ rí. Ohun tí ó mú mi kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó sì ń kó ìtìjú bá ọmọ tí a kọ́ ní ìkíni dáradára kí ó tó kúrò nílé.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé kò jìnnà: inú èdè tiwa ni. Àwa ni a sọ Gẹ̀ẹ́sì ní “èdè òyìnbó”, bí ẹni pé ìyá kan ni ó bí gbogbo aláwọ̀ funfun, tí wọ́n sì jọ ń fi ahọ́n kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, nítorí pé ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń pè. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni ó wí pé gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. David Hinderer tí ó wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì rán wá, ọmọ Württemberg ní Jámánì ni. Susanne Wenger tí Òṣogbo sọ di Àdùnní Olórìṣà, ìlú Graz ní Austria ni a bí i sí ní 1915, èdè Jámánì ni ó sì fi mu ọmú. Kò sí èyí tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa nínú wọn, tí ó ní kí a wá fi èdè òun bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí ojú mi rí kalẹ̀. Ní ìlú kékeré kan ní ìhà gúúsù München, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo yà sí ilé búrẹ́dì láti béèrè àsìkò tí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé mi padà yóò dé. Gbogbo ẹni tí ó wọlé ni ó ń kí àwọn tí ó bá níbẹ̀ pé Grüß Gott, ìkíni tí ó fi Ọlọ́run súre fúnni; èmi ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, tí a ti ara ìkíni dá mọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ki bọ ẹnu láìkí ẹnikẹ́ni. Ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì kò gbọ́ ju orúkọ ìlú tí mo ń lọ. Ó dáhùn pé halb drei. Mo ti mọ̀ pé halb ni ìdajì, pé drei sì ni mẹ́ta, mo bá fi ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ sí aago mẹ́ta ààbọ̀, bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti máa ń sọ ọ́. Mo jókòó pẹ̀sẹ̀ sábẹ́ igi kan, mo ń jẹ búrẹ́dì mi. Bọ́ọ̀sì kan kọjá níwájú mi ní aago méjì ààbọ̀, n kò tilẹ̀ gbójú sókè wò ó. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá náà fi ojú àánú wò mí, ó fa àpò ìwé tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì yọ, ó sì ya aago sí i lára: ọwọ́ kúkúrú wà láàárín méjì àti mẹ́ta, ọwọ́ gígùn dorí kodò sí mẹ́fà.

Halb drei kì í ṣe ìdajì lé ní mẹ́ta. Ìdajì ni ó kù kí mẹ́ta pé. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ṣé ẹ kò rí i pé ọgbọ́n àádọ́ta gan-an nìyí? Kí ni àádọ́ta, bí kì í bá ṣe ọgọ́ta tí ó ku ẹ̀wá, níbi tí ogún kẹta ti dé ìdajì tí kò tíì kún? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní oókan, eéjì ti ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni einundzwanzig tí Jámánì ń pe mọ́kànlélógún: wọ́n á mú ọ̀kan ṣíwájú, wọ́n á sì so ogún mọ́ ọn, bí àwa ti ń ṣe, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń mú ogún ṣíwájú. N kò sọ pé a bá wọn tan o. Ohun tí mo ń wí ni pé èdè tí a bí mọ́ wa ti la apá kan ọ̀nà náà sílẹ̀, àwa ni a fi í sílẹ̀ tí a lọ gba ọ̀nà ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ó wá wúwo jù. Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. You ni ó fi ń pe ọba, òun náà ni ó fi ń pe ajá. Ṣùgbọ́n ará Jámánì ní du fún ọ̀rẹ́, ọmọdé àti ará ilé rẹ̀, ó sì ní Sie fún àgbà àti àlejò. Sie yìí ni ọ̀rọ̀ kan náà tí ó túmọ̀ sí “wọn”, àfi pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé Bàbá ti dé, wọ́n wà nínú ilé. Ará Ítálì ní tu, ó sì ní Lei. Ọ̀wọ̀ yìí jinlẹ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Mussolini pàṣẹ ní 1938 pé kí wọ́n pa Lei tì, kí wọ́n máa lo voi dípò rẹ̀, ìjọba náà ni ó kọ́kọ́ kú. Lei wà láàyè títí di òní. Ciao tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ṣakọ, ọ̀rọ̀ ojúlùmọ̀ ni; ẹni tí ó bá sọ ọ́ fún ìyá àgbà tí kò mọ̀ rí, bí ọmọ tí ó kí bàbá onílé pé “báwo ni” ni ó rí. Buongiorno ni a ń kí irú ìyá bẹ́ẹ̀, scusi ni a sì fi ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ wá jẹun nílé wọn, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, má ṣe gbé ẹsẹ̀ kọjá àbáwọlé láìsọ pé permesso. Àgò nìyẹn. Onílé yóò dáhùn pé avanti, ìyẹn ni pé àgò yà.

Gẹ̀ẹ́sì tí a gbójú lé yìí a tilẹ̀ máa tanni jẹ. Lẹ́tà C tí ó wà lára ẹ̀rọ omi nílé ìtura Ítálì, caldo ni ó dúró fún, omi gbígbóná sì ni caldo. Ó bó ọ̀rẹ́ mi kan lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀bùn, Gift, májèlé ni ní Jámánì. Bí wọ́n bá fẹ́ bu ọbẹ̀ kún tìrẹ, tí o sì dáhùn pé danke, wọn yóò gbé ìkòkò lọ, nítorí pé danke níbẹ̀ dà bí “yóò gba ibi ire” tiwa. Bitte ni ẹni tí ebi ṣì ń pa ń sọ.

Mo mọ ohun tí alátakò mi yóò wí. Yóò ní àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń gba àlejò nílé ìtura ní Berlin àti Milano ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń mu omi. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ìtura kọ́ ni ìlú. Yóò ní fóònù lè túmọ̀ ohun gbogbo. Ó lè túmọ̀, ṣùgbọ́n a kì í rán fóònù lọ kí onílé. Yóò ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ni òun yóò lò, kí ni òun fẹ́ fi gírámà ṣe? Èmi kò bẹ̀bẹ̀ fún gírámà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú èdè kọ̀ọ̀kan: ìkíni, ọpẹ́, ẹ̀bẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ níbo ni, eélòó ni, òǹkà dé ọgọ́rùn-ún, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ògiri ibùdókọ̀, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ti ọkọ̀ ojú irin agbègbè ní Ítálì, bí a kò bá kọ́kọ́ tì í bọ inú ẹ̀rọ kí ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, owó ìtanràn ni ó ń bí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ẹnu wa sì bá ti Ítálì mu, torí pé fáwẹ̀lì ni ó ń parí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, bíi tiwa. Kí a sáà ṣọ́ kọ́ńsónáǹtì onílọ̀ọ́po méjì wọn bí a ti ń ṣọ́ ohùn orí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀: casa ni ilé, cassa ni ibi ìsanwó.

Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí ó ń ti München lọ sí Verona, tí ó ń gba òkè Brenner kọjá, tí ó sì ń dúró ní Bolzano, tí àwọn elédè Jámánì ibẹ̀ ń pè ní Bozen. Ilẹ̀ Austria ni ibẹ̀ títí di ìparí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Lẹ́yìn tí ó bọ́ sọ́wọ́ Ítálì, ìjọba Mussolini ti ilé ẹ̀kọ́ èdè Jámánì pa, àwọn òbí sì ń kó ọmọ pamọ́ sínú ilé kí olùkọ́ lè kọ́ wọn ní èdè ìyá wọn ní ìkọ̀kọ̀. Lónìí èdè méjèèjì ni ó wà lára pátákó ìgboro. Níbi tí ènìyàn ti jìyà tó báyìí nítorí ahọ́n ara rẹ̀, ṣé ó wá yẹ kí àlejò dé, kí ó ní kí tọ̀tún-tòsì pa tiwọn tì, kí wọ́n wá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí òun?

Ní ọjà èso ìlú náà, mo dúró níwájú bàbá kan tí ó ń ta ápù. Mo kí i ní buongiorno, ó sì dáhùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ó ń bá aya rẹ̀ sọ Jámánì, mo bá yí ohùn padà, mo ní Grüß Gott, mo ní bitte, mo nawọ́ sí àwọn tí ó pọ́n. Ó yan mẹ́fà, ó fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn lé òṣùwọ̀n. Kò kọ iye wọn sínú ìwé, kò sì fi ìka júwe. Ó kàn wí i jẹ́jẹ́ pé zwei Euro vierundzwanzig. Yúrò méjì, àti mẹ́rin lórí ogún. Mo ka owó náà sí i lọ́wọ́, mẹ́rìnlélógún, bí ìyá mi ti kọ́ mi láti kà á.