Òkúta dúdú kì í fa oró ejò, ẹ yéé fi ẹ̀mí ṣeré

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀, ẹ má bínú.

Àwọn kan l'Ájégúnlẹ̀ àti Àpápá máa ń ní oko nìkan ni ejò wà. Irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ létí kánáà, inú koríko àti ìdọ̀tí ibẹ̀ ni ejò ń sá sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu ní ọjà Boundary, ejò àti àkeekèe lè bá ẹrù wá láti oko.

Èyí tó ń bí mi nínú ni òkúta dúdú tí wọ́n ń tà kiri, pé ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí ejò ti buni jẹ, á fa oró jáde. Egungun màlúù tí wọ́n sun dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀! Oró ti wọnú ẹran ara lọ, egungun wo ló fẹ́ fà á jáde?

Ẹ ó ní, "Ó ṣiṣẹ́ fún bọ̀ọ̀dá mi." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ejò ni kò ní oró. Èyí tó ní in pàápàá, nígbà míì á buni jẹ láì tu oró sílẹ̀. Ẹni tí oró ò wọ̀ lára, kódà kẹ́ ẹ da gààrí lé ojú ẹ̀, á yè, òkúta ló máa gba ọpẹ́. Ọjọ́ tí paramọ́lẹ̀ tàbí ṣèbé bá tu oró sílẹ̀ gan-an ńkọ́? Àsìkò tó yẹ kẹ́ ẹ fi dé ọsibítù, ìdí òkúta lẹ jókòó sí.

Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni oògùn. Ọ̀kan nínú èyí tí à ń lò ní Nàìjíríà, EchiTAb-Plus-ICP, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, látinú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí wọ́n ti fún ní oró ejò díẹ̀díẹ̀ títí ara ẹ̀ fi mọ bó ṣe ń bá a jà.

Tí ejò bá buni jẹ:
- Ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fà á.
- Ẹ má fi okùn so ó pinpin, ẹsẹ̀ lè kú.
- Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà. Kó má rìn, kó má sáré.
- Ẹ gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù.

Tó bá jẹ́ àkeekèe, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ sáré gbé e lọ.

Lọ́dún 2017 ni àjọ WHO ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn tí ayé ti pa tì. Ìjọba, ẹ má pa tiwa tì o: ẹ fi abẹ́rẹ́ yìí sí àrọ́wọ́tó mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ lọ béèrè ní Jẹ́nẹ́rà Ajérọ̀mí àti ti Àpápá lọ́sẹ̀ yìí bóyá wọ́n ní in, àti ibi tẹ́ ẹ máa gbà lọ tí wọn ò bá ní. Kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ tí ejò buni jẹ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara wa léèrè ọ̀nà.

Ẹ pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òkúta náà nínú àpò.