Owó Wa Kò Gbọdọ̀ Bá Dìkódà Kú

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kàdúná ṣe ilé, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìrántí yìí nínú pálọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo abẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ṣé kò sí dìkódà kan níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí ẹ kò sì lè jù nù nítorí iye owó tí ẹ fi rà á? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a mú wá lọ́dún yìí.

Tiwa ṣì wà lórí àpótí. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, tí a kò ní í dárúkọ, gbé tẹlifíṣọ̀n onísanwó dé àdúgbò wa. Aṣojú wọn gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, ó so pátákó, ó ń fún èèyàn ní kàlẹ́ńdà. A san owó dìkódà, a san owó abọ́ orí òrùlé, a tún san ti ọmọkùnrin tó gun òrùlé. Wọ́n ní ẹni tó bá san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹ èrè oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. A rò pé ọgbọ́n la gbọ́n, a san án. Kò pé oṣù mẹ́rin tí àwòrán fi lọ. A pe nọ́ńbà wọn, kò wọlé. Nígbà tí a máa fi dé ṣọ́ọ̀bù, bàtà òkìríkà ni ẹlòmíràn ń tà níbẹ̀. Òun náà kò mọ ibi tí wọ́n gbà lọ. Pátákó wọn ló bá lẹ́yìn ilé, ó sì ti fi bo ọjà rẹ̀ nítorí òjò.

Tiwa kéré. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, opó ni, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó ní ní Kàkúrí ló fi ń bọ́ ọmọ. Owó àjọ ló kó tó fi ra dìkódà méjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ọ̀dọ́ ti san owó, wọ́n ti jókòó, kò sí àwòrán. Ìyá yìí dá owó gbogbo wọn padà láìku kọ́bọ̀, ó sì ń san àjọ náà lọ títí ó fi pé. Ta ló wá dá tirẹ̀ padà fún un?

A ti gbọ́ ọ tí àwọn kan ń sọ ní ìpàdé pé tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe oúnjẹ, pé ẹni tó fi owó wo fíìmù kó má sunkún. A kò gbà. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń sọ Hausa ní ojú títì, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Ilé nìkan ló kù fún Yorùbá, ìyá àgbà kò sì sí nínú gbogbo ilé. Láti 2010 tí ìkànnì Africa Magic Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, a mọ ọmọ tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń kí àgbà. Ọmọ tó ń sọ "ina kwana" kó tó rántí "ẹ káàárọ̀", ẹ má sọ fún òbí rẹ̀ pé ohun tó ń sanwó fún kò tó nǹkan.

Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan. Ẹ rántí HiTV, ti ilé-iṣẹ́ Entertainment Highway. Ní 2007 ló dé, ọmọ Nàìjíríà ló ni ín, inú wa sì dùn. Ó gba ẹ̀tọ́ láti fi bọ́ọ̀lù Líìgì Gẹ̀ẹ́sì hàn ní orílẹ̀-èdè yìí, gbogbo ilé ìwòran sì yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2010, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, gbèsè kò sì lọ. Ní 2011, ó kógbá sílé. Ṣáájú èyí, GTV tó wà ní Uganda àti Kenya àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà ti dáwọ́ dúró lójijì ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, 2009. Ẹni tó sanwó ní àárọ̀ ọjọ́ náà kò rí nǹkan wò ní alẹ́.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kú, ẹ mọ bí wọ́n ti ń pín ogún rẹ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 1990, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 2020, kò fi oníbàárà síwájú. Báńkì tó gba dúkìá ṣe ìdógò yóò mú tirẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó orí ní àyè tiwọn. Ẹni tó san àsansílẹ̀ owó wíwò wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí eegun nìkan kù sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ohun tí à ń sọ. Òṣìṣẹ́ tí òfin tilẹ̀ fojú rere wò dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, àwọn mìíràn sì kú sẹ́nu ìdúró. Kí ni yóò wá kan oníbàárà?

Wọ́n á ní ká lọ bá àjọ NBC tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, tàbí àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ wọn. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Àbújá nítorí owó dìkódà, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ti rí? Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó tó ń wá tán. Ìjọba tó sún mọ́ wa ni ìjọba ìbílẹ̀, òun ni a sì dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìjọba ìlú lè ṣe níbòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ́ Adelphia, wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú kékeré Coudersport ní Pennsylvania ní 1952. Ó dàgbà títí oníbàárà rẹ̀ fi lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ní 2002, àṣírí tú pé wọ́n ti fi gbèsè tó ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ pamọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹfà, ó sá di kóòtù pé òun kò lè san gbèsè mọ́. John Rigas tó dá a sílẹ̀ gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ní 2005. Síbẹ̀, àwòrán kò lọ nílé oníbàárà. Kóòtù jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Àwọn ìjọba ìlú náà kò sì ká ọwọ́ gbera, nítorí pé àdéhùn pẹ̀lú ìlú kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ìlú lè gba tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un, ọ̀pọ̀ ìlú sì ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Time Warner àti Comcast ra Adelphia ní 2006, wọ́n ní láti wá ìfọwọ́sí àwọn ìlú. Ìlú tó ní ẹ̀dùn ráàyè sọ ọ́ kó tó fọwọ́ sí i.

A mọ ohun tí amòfin inú wa yóò sọ. Yóò ní wáyà tó gba abẹ́ títì ìlú kọjá ni ti Amẹ́ríkà, pé tiwa láti ojú ọ̀run ló ń bọ̀, àti pé Ìwé Òfin 1999 fi ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó ṣí Ìwé Òfin kan náà sí Àfikún Kẹrin. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ibẹ̀ ń kà. Gbígba owó láìsẹ́ńsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀ gbangba, òfin owó orí ti 1998 sì tún un sọ. Ṣíṣe ìlànà fún ṣọ́ọ̀bù àti kíósì àti pátákó ìpolówó tún wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé òfin mọ̀ wá dáadáa nígbà tí ó bá kan kí a gba owó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ojú ọ̀run ni àwòrán ń gbà wá, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ Kàdúná ni ṣọ́ọ̀bù tó gba owó wa dúró sí, ọmọ káńsù ló sì wá gba owó pátákó rẹ̀. Ìlú tó ní àdúgbò tí ń jẹ́ Television!

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ káńsù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ìlú yìí pín sí, Kaduna North, Kaduna South, Chikun àti Igabi, kò ju agbára wọn lọ. Kí wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù láti gba àsansílẹ̀ owó tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sí báńkì, tí kò ní í lè gbé láìsí ìfọwọ́sí káńsù. Ẹni tí kò bá fi ìdógò sílẹ̀, kó má gba ju owó oṣù kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí káńsù ní ìwé orúkọ àwọn oníbàárà. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì kú, kí akọ̀wé káńsù kó orúkọ gbogbo wa jọ, kó kọ ìwé kan ṣoṣo sí ẹni tí kóòtù yàn láti pín dúkìá náà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ wá lógún jù. Àwa tí a ti lo ọjọ́ ayé wa nídìí fáìlì mọ̀ pé ìwé ẹnì kan á sọnù, a ó tilẹ̀ sọ pé a kò rí i rí. Ìwé tó gbé èdìdì káńsù, tó kó ẹgbẹ̀rún orúkọ sínú, ọ̀gá á bi wá léèrè rẹ̀.

Kí wọ́n má sọ fún wa pé kò sí owó. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni a dìbò káńsù ní Kàdúná. Èló ni ìwé orúkọ àti gègé?

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. A ń sanwó láìgba rìsíìtì nítorí pé ọmọ ìjọ wa tàbí ará ìlú wa ló ń tà á. Bí wọ́n bá jẹ wá ní gbèsè, a ní ká fi í sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run. Èyí tó burú jù ni tí a máa ń sọ pé àlejò ni wá, ká má lọ bá wọn fa ọ̀rọ̀ ní káńsù. Àlejò wo ló ń san owó orí fún ọgbọ̀n ọdún? Àlejò wo ló tò láti dìbò? Aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa àti Gbagyi pàdánù owó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn bíi tiwa. Bàbá Gbagyi kan ló kọ́kọ́ ní ká jọ lọ sí káńsù, àwa ni a kò lọ.

A ti kọ ìwé kan sí àwọn alága káńsù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ìfọwọ́sí, a ó sì mú un lọ bá bàbá náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní rìsíìtì nílé, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó gbé dìkódà rẹ̀ wá. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀.