Òfin Ta Ni A Ó Fi Ta Whot?



Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lójú wa nínú ilé kan ní Owódé Ẹ̀gbá. Orí fóònù ni ọmọ tó wá láti Ìbafò ti kọ́ Whot. Káàdì gidi tó ti gbó ni àwọn ọmọ ilé ń lò. Àlejò ju 2 sílẹ̀ kí ẹni tó kàn kó méjì. Onítọ̀hún fi 2 tirẹ̀ lé e, ó ní ẹni tó tẹ̀ lé òun ni yóò kó mẹ́rin. Àlejò pariwo pé, “Olè! Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú Whot!” Ọ̀rọ̀ di ẹkún. Ìyá àgbà ilé béèrè pé, “Kí ẹ tó pín in, ṣé ẹ bá ara yín sọ ọ́?” Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ta ló tilẹ̀ ni òfin Whot? Òyìnbó kan, William Henry Storey, ló dá a sílẹ̀ ní 1935 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Káàdì 54 ló wà nínú èyí tí à ń tà níhìn-ín: róbótó 12, onígun mẹ́ta 12, àgbélébùú 9, onígun mẹ́rin 9, ìràwọ̀ 7, àti Whot márùn-ún tí wọ́n kọ 20 sí. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí 6, kò sí 9. Ṣùgbọ́n pé 14 ń lé gbogbo ènìyàn lọ sọ́jà, tàbí pé 1 ń dá ènìyàn dúró, ẹnu ni a fi kọ́ ara wa. Ilé kan gbà kí 5 kó mẹ́ta, òmíràn kọ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé e sórí fóònù, wọ́n ní láti yan òfin kan. Fóònù kì í gbọ́ “nílé tiwa”.

Bẹ́ẹ̀, eré orí kọ̀ǹpútà pàápàá lè gba àtúnṣe. Ní 1997 ilé-iṣẹ́ MicroProse gbé eré káàdì Magic: The Gathering jáde fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n pa á tì, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara wọn kó káàdì tuntun sínú rẹ̀, tó fi lé ní ogún ọdún tí wọ́n ṣì ń ta á.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú wa kò fẹ́ rí káàdì sójú nítorí tẹ́tẹ́. Ibi tí owó bá ti wọ̀ ọ́, àwa náà kò sí níbẹ̀.

Ní Owódé, ìyá àgbà ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé 2 lè pàdé 2, ṣùgbọ́n 5 kò ní kó nǹkan kan. Àlejò náà ní ẹni tó bá ku káàdì kan lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Fóònù wà lórí àga. Ìyá àgbà fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ní, “Ẹ pín tèmi náà.”