Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni



Ọ̀rọ̀ kan bí mi nínú ní ìpàdé ìlú wa tí ó kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé rí bẹ ìlú fún ìrànlọ́wọ́, kí ó lè gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìwádìí fisiotẹ́rápì, èyí tí í ṣe ìmọ̀ mímú ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tí ó ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ padà bọ̀ sípò. Àgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní: "A ó ha ná owó ìlú lórí ẹni tí ń wọ́ ènìyàn lára bí?" Àwọn tí ó jókòó pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ náà. Oyè ìtọ́jú wà, oyè ìwádìí sì wà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2016, oyè dókítà ìtọ́jú ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà ń fún àwọn tí ó bá yege. Ṣùgbọ́n oyè ìwádìí yàtọ̀: ẹni tí ó gbà á ni ó ń béèrè bóyá ìtọ́jú náà ṣe ànfààní, àti irú òṣùwọ̀n tí a ó fi mọ̀ ọ́n.

Òṣùwọ̀n yìí gan-an ni ìjà mi. Ní ọdún 1988, àwọn ará Kánádà tẹ òṣùwọ̀n kan jáde fún làkúrègbé orúnkún àti ìbàdí, tí a ń pè ní WOMAC. Ìbéèrè 17 ni ó ń bi aláìsàn nípa ìṣe ojoojúmọ́ rẹ̀: bí ó ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀, bí ó ti ń wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀, bí ó ti ń wọ ọkọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi í bí ó bá lè kúnlẹ̀. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ilé ara wọn ni wọ́n wò. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ìyá tí kò lè kúnlẹ̀ kí àna rẹ̀, ọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀ níwájú Kábíyèsí, ẹni tí kò lè forí kanlẹ̀ ní mọ́sáláṣí tàbí kí ó kúnlẹ̀ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì: òṣùwọ̀n àjèjì lè wí pé ara rẹ̀ ti yá, nígbà tí ìtìjú ń pa á láàárín ẹbí.

Wíwọ́ra nìkan kò lè tún èyí ṣe. Ìwádìí ni yóò tún un ṣe. Ní ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ìmọ̀ yìí fún oyè. Ní ọdún 2007, àwọn olùkọ́ rẹ̀ tẹ òṣùwọ̀n tiwọn jáde fún orúnkún àti ìbàdí. Ẹni tí ń wọ́ ènìyàn lára ha lè ṣe èyí láìṣe ìwádìí bí?

Ẹ̀yin olówó ìlú, a ń ná owó sí òkú àgbà, àwa tí kò ná kọ́bọ̀ sí orúnkún rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú, ẹ má ṣe fi ìwádìí yín pamọ́ sí ilé ìkàwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ẹni tí ìlú bá rán lọ sí ilé-ìwé, kí ó padà wá sọ ohun tí ó rí fún wa ní ààfin, ní èdè Yorùbá.

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ tún ẹ̀bẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé yẹ̀ wò.