C. K. Gyamfi: Atamátàsé Tí Ó Di Olùkọ́

Ìyìn agbábọ́ọ̀lù kì í sábà pẹ́ lẹ́nu ayé. Lọ́jọ́ tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, gbogbo ìlú a máa pariwo orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò máa ké. Ti Charles Kumi Gyamfi, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó dolóògbé ní 2015, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwa ọmọ Nàìjíríà wádìí ohun tí ó fà á.

Nígbà tí ikọ̀ Gold Coast lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951, Gyamfi wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ lásán wọ pápá. Ní 1960, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Fortuna Düsseldorf ní Jámánì. Nígbà tí ó padà délé, Gánà ti Kwame Nkrumah fi ikọ̀ orílẹ̀-èdè lé e lọ́wọ́. Ní 1963, wọ́n na Sudan ní 3 sí 0 ní Accra, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1965, wọ́n na àwọn onílé ní Tunis ní 3 sí 2, wọ́n tún gbà á.

Ọdún 17 kọjá. Àwọn ológun gba ìjọba Gánà ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1981, nǹkan sì le koko fún ará ìlú. Síbẹ̀ Gyamfi kan náà ni wọ́n tún ké sí. Ó kó ikọ̀ lọ sí Líbíà ní 1982. Ọmọ ọdún 17 kan, Abedi Ayew, tí ayé wá mọ̀ sí Abedi Pele, wà nínú wọn. Wọ́n gba ife náà mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Ife mẹ́ta nìyẹn. Hassan Shehata ti Íjíbítì, tí òun náà jẹ́ atamátàsé nígbà èwe rẹ̀, ni ó bá a dọ́gba ní 2010.

Èrò tiwa ni pé kì í ṣe góòlù nìkan ni ó sọ Gyamfi di ẹni àìgbàgbé, bí kò ṣe pé ó di olùkọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yanjú, ìran ni yóò máa kí i. Ṣùgbọ́n ìlú rẹ̀ náà ní ìpín nínú ọlá yìí, nítorí wọ́n fún un láyè.

Àwa ńkọ́? Otto Glória ará Bràsíìlì ni ó darí wa gba ife náà ní 1980. Clemens Westerhof ará Họ́lándì ni ní 1994. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó di 2013 kí ọmọ ilẹ̀ yìí, olóògbé Stephen Keshi, tó gbà á fún wa: ọdún 50 gbáko lẹ́yìn tí Gyamfi ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gánà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù wa máa yan ọmọ wa tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n san owó oṣù rẹ̀ lásìkò, kí wọ́n má sì lé e lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a bá fìdí rẹmi. Kíké orúkọ akọni dára. Fífi àwọn ọ̀dọ́ wa lé e lọ́wọ́ láti kọ́ dára jù ú lọ.