Kí a Tó Ra Ìpara, Kí a Wo Inú Ìkòkò

Àwọn baba wa tí wọ́n ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ náà láti fi dárà lásán. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá ń jẹ oúnjẹ tí ó pé, ara rẹ̀ a máa dán, àti pé ẹni tí ìyà oúnjẹ bá ń jẹ, kí ó tó la ẹnu sọ ọ́ ni àwọ̀ rẹ̀ yóò ti sọ fún ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n lóde òní, bí ara ọmọ wa bá ń ṣá, tí ó ń bó, tàbí tí igun ẹnu rẹ̀ ń là, ọ̀dọ̀ oníṣòwò ìpara ni àwọn kan ń gbà lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò sọ pé ayé ló ń ṣe é ni àwọn mìíràn ń gbà lọ, àwọn kan a sì mú kàn-ìn-kàn-ìn líle, wọn a máa fi ha ara ọlọ́ràn títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ibi ìdáná ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó fetí sí ohun tí ojú àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà rí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àrùn kan tí à ń pè ní pellagra wọ àárín wọn. Ẹni tí ó bá mú, ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń pa á, ni yóò kọ́kọ́ yí padà, tí yóò dúdú, tí yóò le, tí yóò sì máa bó. Ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀ lé e, iyè rẹ̀ yóò rà, bí a kò bá sì tètè wá nǹkan ṣe sí i, ikú ló kàn. Àwọn tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sọ pé láàárín 1906 sí 1940, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 ènìyàn ni ó mú, tí ó sì pa nǹkan bí 100,000. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà ní kòkòrò ló ń fà á, àwọn mìíràn ní ìran burúkú ni, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún aláìsàn.

Ní 1914 ni ìjọba Amẹ́ríkà rán dókítà Joseph Goldberger láti lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé nínú àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí àti ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ, àwọn tí a ń tọ́jú ni àrùn yìí ń mú, kì í kan àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo wọn jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Kòkòrò wo ni ó wá mọ òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ òrukàn? Ní ìlú Jackson, ní Mississippi, ó ní kí wọ́n fi wàrà, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà kún oúnjẹ àwọn ọmọ náà, àrùn ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwátì láàárín wọn. Ní 1915, àwọn ẹlẹ́wọ̀n 11 yọ̀ǹda ara wọn, nítorí ìdáríjì tí Gómìnà ṣèlérí, láti máa jẹ kìkì irú oúnjẹ àgbàdo, ìyẹ̀fun funfun àti omi ṣúgà tí tálákà ibẹ̀ ń jẹ. Oṣù mélòó kan péré, ara 6 nínú wọn ti fi àmì hàn. Nígbà tí àwọn alátakò kò sì gbà, òun, ìyàwó rẹ̀ Mary àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí a fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí àwọn lára. Kò ràn ẹnì kankan nínú wọn. Ọkùnrin náà ti kú ní 1929 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Conrad Elvehjem, tó fi hàn ní 1937 pé niacin, ọ̀kan nínú àwọn fítámì B, ni ara àwọn aláìsàn ń wá tí kò rí.

Àgbàdo kọ́ ni a ó dá lẹ́bi, àgbàdo tí í wọ ilẹ̀ ní ìhòòhò tí í sì gbé igba aṣọ jáde. Niacin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dì mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn ènìyàn kò fi lè rí i yọ. Àwọn ará Mexico àtijọ́, tí wọ́n ń fi omi òkúta ẹfun tí a sun se àgbàdo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Àwọn ìyá wa gba ọ̀nà mìíràn: wọn kò dá ẹ̀kọ gbé kalẹ̀, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ tàbí ẹja ni wọ́n ń fi tì í. Ìgbà tí ìṣẹ́ bá mú wa yọ ẹnìkejì rẹ̀ kúrò, tí ọmọ ń mu ògì lásán láàárọ̀ lálẹ́, ni ewu dé. Ní 1933, dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana báyìí, nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ àgbàdo ni a fi já lẹ́nu ọmú, tí ara wọn wú, tí àwọ̀ ẹsẹ̀ wọn sì ń bó.

Àmì mìíràn kò ṣàìwà. Bí fítámì A kò bá tó, ara a máa le bí ti ọ̀pọ̀lọ́, ojú kì í sì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí fítámì C bá wọ́n, erìgì a máa ṣẹ̀jẹ̀, egbò kì í sì í tètè jinná. Bí B12 bá dín, oríkèé ìka ọwọ́ àwa aláwọ̀ dúdú lè máa dúdú sí i. Síbẹ̀, gbogbo ara bíbó kọ́ ni àìtó fítámì. Ẹ̀tẹ̀ wà, èkúrú wà, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí à ń pè ní isoniazid pàápàá lè dín agbára ara lórí fítámì B kù. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kí ó sọ ohun tí ó jẹ́, kí a má sì máa da oògùn fítámì mì láìbéèrè, nítorí fítámì A tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ inú aboyún ní jàǹbá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn aláṣẹ jù bí ó ti kan àwọn ìyá lọ. Nígbà tí Goldberger àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Edgar Sydenstricker wádìí ilé dé ilé ní àwọn abúlé òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ní South Carolina, wọ́n rí i pé bí owó tí ń wọlé ti ń kéré sí i ni pellagra ń pọ̀ sí i. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí ìjọba rí i pé oúnjẹ ilé ìwé àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ nínú, kí wọ́n sì máa yẹ ìyẹ̀fun, epo àti ṣúgà wò láti mọ̀ bóyá fítámì tí òfin ní kí a fi sí i wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Àwa tí a kò sì sí nípò àṣẹ, bí a bá rí aládùúgbò tí ara rẹ̀ ń bó, kí a dẹ́kun yíyẹra fún un, kí a fi ọgbọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń sè nílé rẹ̀, kí a sì fi àwo ẹ̀wà kan ránṣẹ́ sí i kí a tó tọ́ka rẹ̀ sí ilé ìwòsàn.