Òkè mọ́kànlélógójì
Òkè mọ́kànlélógójì ni a ń kà mọ́ Ìdáàṣà wa. A kò lè pín 41 sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba, àfi kí òkè kọ̀ọ̀kan dá dúró. Irú iye bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń pè ní nombre premier. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà rí èyí tó tóbi jù lọ títí di ìgbà náà: àmì òǹkà 41 024 320 ló wà nínú rẹ̀! Síbẹ̀ ó rọrùn láti sọ. Ẹ to 2 sílẹ̀ ní ìgbà 136 279 841, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ dín ọ̀kan kù.

Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀kàndínlógún nìyẹn, òǹkà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń sá fún ní kíláàsì. Kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń bọ́ sí i: 2 márùn-ún di 32, ẹ dín ọ̀kan, 31 kò ṣeé pín, 2 mẹ́rin di 16, ẹ dín ọ̀kan, 3 pín 15 sí márùn-ún-márùn-ún.